Ìgbésí-Ayé Frank Whittle (1907–1996), Alágbẹ̀dẹ Ẹ́ńjìnnì Jẹ́ẹ̀tì

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí, ì báà jẹ́ ní Ìpogun, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó tí a mọ̀ mọ ọdún Ògún, yóò ti ṣe àkíyèsí ẹwìrì. Ọmọ iṣẹ́ a máa tẹ awọ ẹwìrì náà lọ sókè sódò. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ a sì gba ẹnu tóóró kan jáde lọ bá iná. Afẹ́fẹ́ tí ó rọra wọlé ni ó ń fi agbára jáde, nítorí pé ẹnu tí ó gbà jáde kéré. Bí ẹnu náà bá fẹ̀ jù, iná kò ní ràn dáadáa. Bí ó bá sì há jù, apá ọmọ iṣẹ́ a ro ó, afẹ́fẹ́ a sì máa wá ojú awọ tí ó ti gbó gbà sá lọ. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ mọ ìwọ̀n ẹnu tí ó yẹ ẹwìrì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹwìrì yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ihò èéfín ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, àti èyí tí ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò la òkun kọjá, àti èyí tí kò ju ìgò omi ńlá lọ, tí àwọn tí ń fò àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ ìtàn ìgbésí-ayé Frank Whittle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì onítọ́báìnì, tí ó sì pàdánù ẹ̀tọ́ náà nítorí owó tí kò tó nǹkan. A ó tún ṣe àlàyé ohun tí ẹnu ihò èéfín ń ṣe lára ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń jà fún kò lè mọ bí ìjà náà ti le tó.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ọdún 1907 ni wọ́n bí Frank Whittle ní Earlsdon, àdúgbò kan ní ìlú Coventry. Òun ni àkọ́bí. Moses ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ìran òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú ní agbègbè Lancashire ni bàbá náà ti wá. Ìwé tí ó kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ irin, orí rẹ̀ sì kún fún àrà. Ní ọdún 1916, ìdílé náà kó lọ sí Leamington Spa, níbi tí bàbá ti ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń ṣe fáàfù àti òrùka písítìnnì. Ẹ̀rọ ìgé-irin mélòó kan àti ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni gbogbo dúkìá ibẹ̀. Níbẹ̀ ni Frank ti kọ́ bí a ti ń di irin mú, bí a ti ń wọ̀n ọ́n, àti bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí a sì mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ náà rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti lọ sí ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tí ń gbádùn iṣẹ́ àṣetiléwá. Ilé ìkàwé ìlú ni ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó ń ka ìwé nípa ọkọ̀ òfuurufú àti nípa tọ́báìnì láìsí olùkọ́ tí ó rán an. Nígbà tí òwò bàbá rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ojú ilé pọ́n gidigidi. Ìgbà náà ni ọmọ yìí pinnu pé òun yóò wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú.

Ẹni tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1923, ó yege nínú ìdánwò, ó sì lọ sí Halton láti di ọmọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì péré ni ó lò níbẹ̀. Àwọn dókítà ní ó kúrú jù, nítorí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ni gíga rẹ̀, igbá àyà rẹ̀ kò sì gbòòrò tó. Olùkọ́ eré ìdárayá kan ṣàánú rẹ̀, ó kọ irú oúnjẹ tí ó yẹ kí ó máa jẹ fún un, ó sì fi eré tí yóò na ara hàn án. Láàrin oṣù mẹ́fà, íńṣì mẹ́ta kún gíga rẹ̀, igbá àyà rẹ̀ náà sì fẹ̀ sí i. Ó padà lọ, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Whittle tún kọ ìwé mìíràn bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Wọ́n gbà á ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún náà, wọ́n sì rán an lọ sí Cranwell.

Ìgbésí-ayé ológun kò tètè bá a lára mu. Ohun tí ó dá a dúró ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú láàrin àwọn ọmọ iṣẹ́ náà. Àwòṣe tí ó ń ṣe kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Ó ń fò, ó sì péye dé ibi pé ojú ọ̀gá wọn kò kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gá náà rí i pé ọmọ yìí mọ ìṣirò, ó sì dá a lábàá fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ iṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìlẹ̀kùn yìí máa ń ṣí fún. Ní ọdún 1926, ọmọ alágbẹ̀dẹ Coventry wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ní Cranwell. Àwòṣe kékeré ni ó gbé e débẹ̀.

Ìrònú tí ó yí i lórí

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Cranwell ni ó gbọ́dọ̀ kọ àròkọ kí ó tó jáde. Ní ọdún 1928, Whittle kọ tirẹ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ òfuurufú yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó ṣe àlàyé pé bí ọkọ̀ yóò bá jìnnà, tí yóò sì yára, ó gbọ́dọ̀ fò ní òkè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, tí kò sì ní dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ẹ́ńjìnnì oní-písítìnnì àti abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó nípọn ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ó ti dára fún ọkọ̀ láti fò ni ó burú fún ẹ́ńjìnnì.

Ní ọdún 1929 ni ìdáhùn sọ sí i lọ́kàn nígbà tí ó wà ní Wittering, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ awakọ̀ òfuurufú. Kí a yọ písítìnnì kúrò pátápátá. Kí abẹ̀bẹ̀ onírin máa gba afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, kí ó ki í pọ̀, kí ó tì í sínú yàrá tí epo ti ń jó. Kí afẹ́fẹ́ gbígbóná náà yí àgbá kan tí a ń pè ní tọ́báìnì. Kí tọ́báìnì àti abẹ̀bẹ̀ iwájú sì wà lórí ọ̀pá kan náà, kí èkíní máa yí èkejì. Agbára yòókù yóò gba ẹnu ihò ẹ̀yìn tú jáde. Bí èéfín bá ti ń sáré lọ sẹ́yìn ni ọkọ̀ yóò máa lọ síwájú.

Wọ́n mú un lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn òfuurufú. A. A. Griffith, onímọ̀ ńlá tí òun náà ń ronú lórí tọ́báìnì, wo ìṣirò rẹ̀, ó rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀, ó sì ní ohun náà kò lè ṣeé ṣe. Àṣìṣe náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti ba ìrònú náà jẹ́. Ọ̀gá ológun kan tí ó ti ṣiṣẹ́ òfin ìwé-ẹ̀tọ́ rí, Pat Johnson, ni ó ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1930, Whittle fi ìwé sílẹ̀ láti gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, èyí ni ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kan ohun tuntun. Ìjọba kò kà á sí àṣírí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé láti kà.

Pọ́n-ùn márùn-ún

Ìwé-ẹ̀tọ́ kì í dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ máa sanwó kí ó má baà kú. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1935, owó tí Whittle yóò san jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ní Yunifásítì Cambridge nígbà náà, níbi tí iṣẹ́ ológun rán an lọ. Ó ti gbé Dorothy níyàwó ní ọdún 1930, ìdílé rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Owó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ní àwọn kò ní bá a san án. Ìwé-ẹ̀tọ́ náà kú.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí. Kì í ṣe pé olè jà á, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun rẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Pọ́n-ùn márùn-ún ni ó sọ ìrònú tí yóò yí ìrìn-àjò gbogbo ayé padà di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ní àkókò náà gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, Hans von Ohain, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ilé-iṣẹ́ Heinkel sì dúró tì í lẹ́yìn náà pẹ̀lú owó àti òṣìṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, Rolf Dudley-Williams, tí wọ́n jọ wà ní Cranwell, kọ lẹ́tà sí i, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Tinling wá. Wọ́n wá àwọn olówó tí yóò dá owó lé e, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Power Jets sílẹ̀ ní ọdún 1936. Ìjọba yọ̀ǹda kí Whittle máa fi wákàtí mẹ́fà péré ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ó jáde ní Cambridge ní ipò kìíní.

Iná tí kò gbọ́ràn

Ọjọ́ 12 oṣù Igbe ọdún 1937 ni ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Rugby. Whittle fúnra rẹ̀ ni ó di fáàfù epo mú. Bí ó ti tanná ràn án ni ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń yí, ó ń yí sí i. Whittle ti fáàfù pa, ẹ́ńjìnnì kò gbọ́. Ó ń yára sí i ni. Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Whittle nìkan ni ó dúró, kì í sì í ṣe pé ó láyà ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rù ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n rí i pé epo ti jò sí ìsàlẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì, èyí sì ni iná ń jó lẹ́yìn tí wọ́n ti ti fáàfù.

Ní ọdún 1938 wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Lutterworth. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, owó sì ń tán lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù ọdún 1939, aṣojú ìjọba wá wò ó. Ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láìṣe wàhálà. Ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ohun gidi ni. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, tí ọkọ̀ Heinkel He 178 tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì von Ohain fi fò ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹni tí ó ti ronú kàn án ṣáájú kọ́ ni ó kọ́kọ́ fò ó.

Ọjọ́ 15 oṣù Èbìbí ọdún 1941 ni tirẹ̀ kan. Gerry Sayer ni ó wa ọkọ̀ Gloster E.28/39, ọkọ̀ náà sì wà lójú òfuurufú fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Pápá Cranwell ni ó ti gbéra, níbi tí Whittle ti kọ àròkọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá ṣáájú. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, wọ́n kó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan àti àwọn àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Láàrin ọdún kan, àwọn ará ibẹ̀ náà ti fò jẹ́ẹ̀tì tiwọn. Nígbà tí ó di oṣù Agẹmọ ọdún 1944, jẹ́ẹ̀tì Gloster Meteor ti wọ iṣẹ́ ogun.

Ẹnu ihò èéfín àti àlùbọ́sà àwọn ará Jámánì

Ẹnu ihò èéfín ọkọ̀ tí Sayer wà yẹn kì í fẹ̀, kì í há. Bí wọ́n ti gé e ni ó wà. Èyí kò burú fún ẹ́ńjìnnì tí a ti mọ ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, ó fẹ́ kí ẹnu náà fẹ̀, kí ooru má baà mọ́ tọ́báìnì lórí, kí ó sì tètè yí dáadáa. Bí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tán, ó fẹ́ kí ẹnu náà há, kí èéfín lè sáré jáde. Bí ẹnu bá há ju bí ó ti yẹ lọ, èéfín a tì padà, tọ́báìnì a gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ iwájú a sì lè kọ̀ láti wọlé mọ́, gẹ́gẹ́ bí ti ẹwìrì tí a sọ ṣáájú.

Anselm Franz, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó wá ọ̀nà sí èyí lára ẹ́ńjìnnì Jumo 004 tí ó gbé ọkọ̀ ogun Messerschmitt Me 262. Ó fi irin kan sí àárín ihò èéfín, tí ó lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí ó bá fà wọlé, ẹnu ihò a fẹ̀. Bí ó bá yọ sẹ́yìn, ẹnu a há. Nítorí bí irin náà ti rí, àlùbọ́sà ni àwọn ará Jámánì sọ ọ́ ní èdè wọn.

Àǹfààní ẹnu tí ó ń yí padà hàn gbangba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da epo sínú èéfín lẹ́yìn tọ́báìnì, kí iná kejì lè fi agbára kún un. Èéfín náà a wú lójijì. Bí ẹnu ihò kò bá là fún un, ẹ́ńjìnnì a fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ Power Jets ṣiṣẹ́ lórí èyí fún ọkọ̀ Miles M.52 tí wọ́n fẹ́ kí ó yára ju ìró lọ, ṣùgbọ́n ìjọba fagi lé ọkọ̀ náà ní oṣù Èrèlé ọdún 1946. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ọkọ̀ ogun MiG-21 tí ó dé ní ọdún 1975 ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀, àwọn awẹ́ irin tí ń pa dé, tí ń là, bí ìtànná òdòdó.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ju ìgò lọ

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Kurt Schreckling, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé ara rẹ̀ lè rọ ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì fún àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú. Pákó pẹlẹbẹ tí ó fi fọ́nrán kábọ̀n dì ni ó fi ṣe àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo àgbá inú tọ́bò ọkọ̀ ńlá, irú èyí tí mẹkáníìkì gbogbo ní Àkúrẹ́ mọ̀ dáadáa. Irú àgbá tí ń ju afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wọn, irú èyí tí Whittle yàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń mu, àgbá inú ọ̀pọ̀ wọn a sì máa yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò ní ẹnu tí ń yí padà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Mìlímítà kan péré lára ẹnu tí kò fẹ̀ ju ti ife omi lọ tó láti fi agbára kún un, ó sì tó láti jó tọ́báìnì. Irin tí yóò máa rìn nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ láìhá, tí kò sì ní wúwo, ṣòro láti rọ. Bí ó bá há sí ipò tóóró nígbà tí a ń tanná, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ a yan ìwọ̀n kan tí ó wà láàrin méjì, wọn a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń fẹ́ iná kejì lẹ́yìn tọ́báìnì ni kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Iṣẹ́ náà jẹ Whittle lára. Àìsùn, àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá a rọ ẹ́ńjìnnì àti ẹrù ogun wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ó fi di ẹni tí ń wọ ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́. Ó dá a lábàá pé kí ìjọba gba gbogbo iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́, ó sì fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1944, Power Jets nìkan ni ìjọba gbà. Wọn kò fọwọ́ kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1946. Ní ọdún 1948 ó fẹ̀yìn tì, ọba fi í joyè, wọ́n sì fún un ní 100,000 pọ́n-ùn fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1976 ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi ní Annapolis. Òun àti von Ohain pàdé, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1991 wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Draper. Ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 1996 ni Whittle kú ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n gbé eérú rẹ̀ padà sí Cranwell. Ní ọdún 2007, ìlú Coventry gbé ère rẹ̀ kalẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí àní-àní pé ọlá dé bá Whittle kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n ọlá ìgbẹ̀yìn kò lè dá ọdún tí ó sọnù padà. Láti ìgbà tí ó fi ìwé sílẹ̀ ní ọdún 1930 títí di ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fò, ó ju ọdún mọ́kànlá lọ, èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ ọdún àìrówó, kì í ṣe ọdún àìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilé. Lábẹ́ òfin ìwé-ẹ̀tọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1970, ẹni tí ó bá ronú kan ohun tuntun lè ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa sanwó lọ́dọọdún. Bí kò bá san án, ẹ̀tọ́ náà yóò kú gẹ́gẹ́ bí ti Whittle ti kú. Àwa olùkọ́ a máa rí ọmọ tí ń fi agolo àti wáyà ṣe ọkọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. A máa ń yìn ín, a sì máa ń kọjá lọ. Ọ̀gá Whittle kò kọjá lọ. Ó rí àwòṣe, ó sì kọ lẹ́tà. Ẹni tí yóò kọ lẹ́tà wà lẹ́ẹ̀kan nínú ìtàn yìí. Ẹni tí yóò san pọ́n-ùn márùn-ún ni wọ́n wá títí, tí wọn kò rí.